Ta Ló Ni Ilẹ̀? Ìjà Òṣèlú lẹ́yìn Òpin Oko Ẹrú ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1865, aṣáájú ìjọ 20, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, jókòó níwájú Ọ̀gágun Sherman àti Stanton, akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ogun, ní ìlú Savannah ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ogun abẹ́lé tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ń bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà jà láti ọdún 1861 kò tíì parí, ṣùgbọ́n ó ti hàn sí tọmọdé tàgbà pé apá Gúúsù kò ká a mọ́. Àwọn aláṣẹ fẹ́ mọ ohun tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ń fẹ́. Garrison Frazier, ẹni ọdún 67, ni àwọn yòókù fi ṣe agbẹnusọ. Ní ọdún 1857 ni ó fi 1,000 dọ́là ra ara rẹ̀ àti aya rẹ̀ padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé òmìnira fún un. Ó ní kí a fún àwọn ní ilẹ̀ tí àwọn yóò fi ọwọ́ ara àwọn ro, títí àwọn yóò fi lè rà á di tiwọn. Wọ́n bi í bóyá wọ́n fẹ́ máa gbé láàárín àwọn aláwọ̀ funfun tàbí lọ́tọ̀. Ó ní lọ́tọ̀, nítorí pé ìkórìíra tí ó wà ní Gúúsù yóò gba ọdún púpọ̀ kí ó tó tán. Ẹnìkan péré, James Lynch, ni kò gbà. Òun ní kí gbogbo wọn jùmọ̀ máa gbé pọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Sherman pàṣẹ. Ó ya etíkun láti Charleston ní South Carolina dé odò St. Johns ní Florida sọ́tọ̀ fún àwọn tí a dá sílẹ̀. Ìpín ìdílé kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju éékà 40 lọ. Kì í ṣe àánú nìkan ló ṣe é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n sá kúrò lóko ń tọ àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń wá ibi tí yóò fi wọ́n sí. Bó ti wù kó rí, nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ti tẹ̀dó sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti ń dáko.

Ní Washington, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Àwọn ìpínlẹ̀ 11 tí wọ́n ya kúrò, ṣé ọmọ tí ó bínú kúrò nílé ni wọ́n, tí ó kàn ní láti padà wálé, àbí ìlú tí a fi ogun kó, tí aṣẹ́gun lè tò bí ó bá ti wù ú? Lincoln fara mọ́ èyí tí ó rọrùn. Ní ìparí ọdún 1863, ó ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ kan bá ti búra pé àwọn yóò jẹ́ olóòótọ́, tí wọ́n sì gbà pé oko ẹrú ti dópin, kí wọ́n dá ìjọba tiwọn sílẹ̀. Àwọn aṣòfin ní kò tó, ó ní láti ju ìdajì lọ. Wọ́n fi èyí ṣòfin ní 1864, Lincoln kò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú tí wọ́n fi yìnbọn pa á ní oṣù kẹrin ọdún 1865, tí Andrew Johnson, igbákejì rẹ̀, fi gorí àga.

Aránṣọ ni Johnson tẹ́lẹ̀, inú ìṣẹ́ ni wọ́n sì bí i sí. Ó kórìíra àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ Gúúsù, ọ̀pọ̀ sì rò pé wọn yóò rí màbo lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kórìíra ọlọ́lá kò fi bẹ́ẹ̀ di ọ̀rẹ́ ẹrú. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó kéde ìdáríjì fún ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì ní kí dúkìá wọn padà sọ́wọ́ wọn, yàtọ̀ sí ẹrú. Dúkìá sì ni ilẹ̀ etíkun náà.

Oliver Howard ni iṣẹ́ burúkú yìí já lé lórí. Òun ni olórí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn tí a tú sílẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti gé sójú ogun. Ní oṣù kẹwàá 1865, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní erékùṣù Edisto ní South Carolina, ó sì sọ fún èrò tí ó kún inú rẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn olówó wọn àtijọ́ làjà, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ fún wọn gbowó. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta, Henry Bram, Ishmael Moultrie àti Yates Sampson, láti fèsì. Nínú ìwé wọn, wọ́n ní Howard ń rọ àwọn láti dárí ji àwọn onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó so èèyàn mọ́ igi, tí ó nà án ní pàṣán 39, tí ó na ìyá àti arábìnrin rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ó gbé inú ahéré òfìfo àfi bí ó bá ṣe tòun, ta ni yóò dárí ji irú wọn? Àwọn ni wọ́n dúró ti ìjọba nígbà ogun. Ìjọba kan náà ló wá ń bá ọ̀tá rẹ̀ àná mulẹ̀, tí ó ń gbàgbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìwé náà kò yí Johnson lọ́kàn padà. Wọ́n gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

Kí ọdún náà tó parí, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ti ń ṣòfin tiwọn. Ní Mississippi, aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ yá ilẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ó ní láti mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ tí kò sì rí owó ìtanràn san, a ó fà á fún ẹni tí yóò bá a san án, kí ó lọ sìn ín. Ẹni tí ó bá mọ bí ìwọ̀fà ti rí nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́ yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyàtọ̀ kan wà: ìwọ̀fà mọ owó tí ìdílé òun jẹ.

Èyí ló bí àwọn aṣòfin Àríwá nínú. Thaddeus Stevens, ará Pennsylvania, ló le jù nínú wọn. Ó ní kí ìjọba gba ilẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ilẹ̀ wọn pọ̀ jù, nǹkan bí 70,000 ènìyàn nínú ìṣirò tirẹ̀, kí a fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tí a dá sílẹ̀ ní éékà 40, kí a sì ta ìyókù san gbèsè ogun. Ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ gan-an ni kò gbà fún un. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọlọ́rọ̀ Àríwá pé bí a bá gba oko lọ́wọ́ onílẹ̀ lónìí, òṣìṣẹ́ lè béèrè ilé-iṣẹ́ lọ́la. Wọ́n sì tún ń fẹ́ òwú. Frederick Douglass, tí òun fúnra rẹ̀ ti sá lóko ẹrú, gbé ìbò síwájú: ó ní oko ẹrú kò tíì dópin títí aláwọ̀ dúdú yóò fi lè dìbò. Ní oṣù kejì 1866, ó bá Johnson sọ ọ́ lójúkorojú, asán ló já sí.

Ìbò ni wọ́n rí gbà níkẹyìn. Àwọn aṣòfin borí Johnson: ní 1867 wọ́n fi ìpínlẹ̀ 10 sábẹ́ ológun, wọ́n sì ní kí aláwọ̀ dúdú dìbò níbẹ̀, ní 1868 wọ́n fi òfin-ìpìlẹ̀ sọ ẹni tí a bí ní Amẹ́ríkà di ọmọ ìlú. Ní ọdún kan náà, ìbò kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n yọ Johnson lóyè. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin-ìpìlẹ̀ tuntun fún South Carolina ní Charleston, 76 nínú 124 aṣojú ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, wọn kò sì yọ ọmọ àwọn olówó wọn àtijọ́ sílẹ̀. James Lynch tí ó dá yapa ní Savannah di akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Mississippi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìbò lọ́sàn-án, orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń sùn lálẹ́. Onílẹ̀ lè lé e jáde nítorí ìbò rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ku Klux Klan sì lè wá ká a mọ́lé. Ààrẹ Grant fi ológun kọ lù wọ́n ní 1871, ó sì ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ará Àríwá. Ní 1877, Ààrẹ Hayes kó àwọn ọmọ-ogun kúrò lẹ́nu ilé ìjọba South Carolina àti Louisiana, àwọn olówó ẹrú àtijọ́ àti ẹgbẹ́ wọn sì gba àkóso.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé aláwọ̀ dúdú tí kò mọ ìjọba ṣe ló ba àkókò náà jẹ́. W. E. B. Du Bois dá wọn lóhùn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1935, ṣùgbọ́n ó ju ogún ọdún lọ kí ọ̀pọ̀ wọn tó fetí sí i.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Ní 1860, lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Oluale Kossola wà nínú wọn, ẹni tí àwọn olùwádìí kà sí Yorùbá láti agbègbè Bantè, tí ogun Dàhòmì kó. Nígbà tí wọ́n dòmìnira, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Kossola lọ bá Timothy Meaher tí ó ṣètò ìrìn-àjò ọkọ̀ náà. Ó ní àwọn ní ilẹ̀ nílé àwọn kí ó tó kó àwọn wá. Kí ó bun àwọn ní díẹ̀ nínú tirẹ̀. Meaher kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n sì ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí àdúgbò wọn fi di èyí tí à ń pè ní Africatown. Ní 1872, Kossola fi 100 dọ́là ra nǹkan bí éékà 2.