Ìjọ Onígbàgbọ́ àti Ìtọ́jú Àwọn Tí Ogun Ìjàyè Fọ́n Ká, 1860–1867

Ìfáàrà

Ogun Ìjàyè wà lára àwọn ogun Yorùbá tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ nípa rẹ̀ dáadáa. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, J. F. Adé Àjàyí náà sì tú u palẹ̀ nínú ìwé tí òun àti Robert Smith kọ lórí ogun jíjà, tí ó jáde ní 1964. Ìdí ogun, ọgbọ́n ogun àti ọ̀ràn ìjọba ni ó jẹ àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí lógún jù. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ iṣẹ́ ìtọ́jú tí àwọn ìjọ Onígbàgbọ́ ṣe nígbà ogun náà wò. Àbá tí ó gbé kalẹ̀ ni pé oúnjẹ, ìtọ́jú egbò àti ibùgbé ni ó fi ẹsẹ̀ àwọn ìjọ wọ̀nyí múlẹ̀ ju ìwàásù lọ. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni ó bí ìbéèrè kan tí ó ṣòro dáhùn: ọmọ tí a gbà là lọ́wọ́ ogun, ọmọ ta ni?

Bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù tí í ṣe Àrẹ̀mọ gorí ìtẹ́. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Nítorí náà ni Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó tẹ̀dó sí Ìjàyè, kò ṣe gba Adélù lọ́ba. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Aláàfin. Àwọn Ẹ̀gbá gbèjà Ìjàyè. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù Máàṣì 1862.

Ṣáájú ogun, àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí T. J. Bowen jẹ́ aṣáájú wọn, àti Adolphus Mann ti ẹgbẹ́ C.M.S. ti fìdí kalẹ̀ ní Ìjàyè. Kúrunmí gbà wọ́n ní àlejò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ kò pọ̀.

Ìyàn ní Ìjàyè

Ìyàn ni ó yí ọ̀ràn padà. Nígbà tí ogun Ìbàdàn dí ọ̀nà oko, àwọn ará ìlú kò rí nǹkan kórè mọ́. Ọ̀pọ̀ òbí fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ tí ó wá gbèjà ìlú ni ọmọ ìlú ń bọ́ sí. Láàárín ìnira yìí ni ọgbà míṣọ́n di ibi ààbò. Mann ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, R. H. Stone àti A. D. Phillips ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ń di egbò, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ sí ọ̀dọ̀.

Ìgbà yìí gan-an, ní 1861, ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí owó tí àwọn Onítẹ̀bọmi ń rí gbà láti ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Nítorí náà, kò tọ́ kí a ka ìtọ́jú yìí sí ọrẹ àwọn ará òkè òkun nìkan. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta kò lè pọn omi, kí wọ́n se oúnjẹ, kí wọ́n sì tún ṣọ́ aláìsàn fún agbo ilé tí ó kún fọ́fọ́. Ọwọ́ àwọn ará ìjọ, pàápàá àwọn obìnrin, ní láti wà nínú iṣẹ́ náà, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì.

Ìhà Ìbàdàn

Ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà ní ìjọ ní ìhà kejì ogun. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti ń gbé Ìbàdàn láti 1853; Kúdẹ̀tì ni wọ́n kọ́lé sí, Daniel Olúbí sì wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun, owó kò wọlé fún wọn mọ́. Wọ́n ta ẹrù ilé láti fi bọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí ó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ wá di ẹni tí ó ń wojú aládùúgbò fún ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí Ìjàyè fọ́, wọ́n mú Edward Roper, tí ó dúró ní ipò Mann, ní ìgbèkùn wá sí Ìbàdàn. Ní 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell wá mú Anna Hinderer kúrò ní ìlú náà. Ìjọ Kúdẹ̀tì kò túká; Olúbí ni ó gba àkóso rẹ̀ nígbà tí àwọn Hinderer lọ pátápátá ní 1869.

Lẹ́yìn ìfọ́ Ìjàyè

Ọ̀pọ̀ ará Ìjàyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí sì ń jẹ́ Àgó Ìjàyè títí di òní. Àwọn Onítẹ̀bọmi kó àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí ìyà náà fi yí kan àwọn tí ó gbàlejò. Nígbà Ifọ́lé, ní oṣù Òkìtóbà 1867, àwọn Ẹ̀gbá kó ilé míṣọ́n, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde. Ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ bá wọn lọ sí Èkó, Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tà. Láàárín ọdún márùn-ún, àwọn tí ó fún ìsáǹsá ní ibùgbé ti di ìsáǹsá fúnra wọn.

Ọmọ ta ni?

Ìtọ́jú yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ tí ó dàgbà nínú ọgbà míṣọ́n gba orúkọ mìíràn, ó kọ́ ìwé, ó sì jìnnà sí orò ìdílé rẹ̀. Ẹni tí ìyàn ì bá pa ni, ṣùgbọ́n ìdílé tí ó bí i pàdánù rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Síbẹ̀, kò tọ́ kí a pè é ní ohun ìní àwọn tí ó tọ́ ọ. Moses Ládẹ̀jọ Stone, ẹni tí ó gba orúkọ R. H. Stone, fi èyí hàn. Nígbà tí W. J. David yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bá a jáde, wọ́n sì dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 1888.

Ìkádìí

Bí a bá fi iye àwọn tí ó gba ìwàásù gbọ́ nìkan díwọ̀n ìjọ Ìjàyè, ìlú tí ó fọ́ ni òpin ìtàn rẹ̀. Bí a bá fi ìtọ́jú díwọ̀n rẹ̀, ìtàn náà kò parí síbẹ̀: ó dé Abẹ́òkúta, ó sì dé Èkó. Àwọn tí ogun fọ́n ká rí ẹbí mìíràn nínú ìjọ. Nígbà tí ó sì yá, ohùn tiwọn náà dún nínú àkóso rẹ̀.