Ìràwọ̀ Màmá Tíṣà

Ọdún 2002 ni mo wọ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Otigba, ní Ìkẹjà. Ilé gbígbé ló pọ̀ ní àdúgbò yẹn tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ya bò ó: pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ọgbà iwájú ilé di ṣọ́ọ̀bù, títí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Computer Village. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi: "Kí lẹ ní nínú ẹ̀, tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?"

Windows 98 ló ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá; XP tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Fáírọ́ọ̀sì ò jẹ́ ká sinmi. ILOVEYOU ti jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ó sì ti ba fọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ káàkiri ayé. Bí ẹ̀rọ bá ti ń wọ́lẹ̀, tí kò gbọ́ràn mọ́, fọ́máàtì loògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ẹrù onílé síta.

Díìsìkì pélébé la fi ń kó o. Ọ̀kan ò gbà ju 1.44 MB lọ, nítorí náà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tó 30 MB á ra díìsìkì 21. WinZip ló ń bá wa gé fáìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, èmi ni mo sì ń fi báírò kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Nígbà tá a bá ń dá ẹrù padà, tá a dé orí ìkẹtàdínlógún, tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í han kẹrẹ-kẹrẹ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pa rọ́rọ́. Ègé kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́, fáìlì yẹn ti lọ nìyẹn.

Síídì gbà wá. 700 MB ni ọ̀kan ń gbà, ìyẹn ẹrù díìsìkì pélébé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Àmọ́ bí NEPA bá mú iná nígbà tí Nero ń bọ́ọ̀nù ẹ lọ́wọ́, ká sọ síídì yẹn nù ló kù. Lẹ́yìn náà ni fláàṣì wọ́pọ̀, tí iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ wákàtí kan.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003. Màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ẹ̀rọ wọn wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, inú My Documents ni gbogbo nǹkan mi wà." Mo kó My Documents, mo fọ́máàtì, mo gbé Windows tuntun lé e. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, àwọn ìràwọ̀ mi dà?"

Ìràwọ̀ kékeré wà lára bọ́tìnì Favorites ní Internet Explorer. Ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Àdírẹ́sì yunifásítì àti ti àwọn tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ni wọ́n ti ń kó jọ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nítorí àbígbẹ̀yìn wọn. Lórí Windows 98, inú fódà Windows gan-an ni Favorites ń gbé, kì í ṣe inú My Documents. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, fáìlì bíńtín ni: ọgọ́rùn-ún wọn ò lè kún díìsìkì pélébé kan! Netscape ṣe tiẹ̀ dáadáa jù, torí inú fáìlì kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo bọ́kúmáàkì, ìyẹn ìràwọ̀ tiẹ̀, sí. Firefox náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi gbìyànjú láti wú wọn jáde. Fọ́máàtì ayé ìgbà yẹn kì í pa ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́. Àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibi tí nǹkan wà ló ń pa rẹ́. Ṣùgbọ́n Windows tí mo gbé lé e ti tẹ ìràwọ̀ màmá mọ́lẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wá bẹ́ǹṣì fún àwọn. A jókòó síwájú ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú: wọ́n ń pe èyí tí wọ́n bá rántí, èmi ń tẹ̀ ẹ́, tí kò bá ṣí a tún un tẹ̀. Mọ́kànlá la rí. Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé tó wà nínú báàgì wọn, wọ́n da àwọn mọ́kànlá náà kọ, wọ́n ká a, wọ́n sì fi há inú Bíbélì wọn.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ pé àkáǹtì Google oníbàárà á kó bọ́kúmáàkì padà fúnra rẹ̀, òótọ́ sì ni, bó bá rántí páswọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, nínú ìwé tí a ń kọ orúkọ oníbàárà sí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sókè ojú ewé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ni "Ìràwọ̀?"