Oògùn Ikọ́ Tó Di Bárakú

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a bá òfìfo ìgò oògùn ikọ́ tó lé ní ogún lẹ́yìn ògiri ilé-kéwú wa. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ kò jà ládùúgbò wa nígbà náà. Kodíìnì ni wọ́n ń wá nínú ìgò ọ̀hún, ibi tó sì ti ṣẹ̀ wá ni a fẹ́ pìtàn rẹ̀ lónìí.

Oje òdòdó kan tí òyìnbó ń pè ní poppy ni ìyá rẹ̀. Ópíọ́mù ni orúkọ oje náà. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní afiyúnì. Ibn Sina, oníṣègùn Mùsùlùmí tó kú ní 1037, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀, al-Qanun, pé ó ń dín ìrora kù, ó ń múni sùn, ó sì ń dá ikọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pẹ̀lú pé ó lè pani.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Friedrich Sertürner, apòògùn ará Jámánì, yọ mọ́fíìnì jáde lára ópíọ́mù. Ní 1832, Pierre Robiquet ará Faransé rí kodíìnì nínú rẹ̀. Mọ́fíìnì tu ọ̀pọ̀ aláìsàn lára, ṣùgbọ́n ó di bárakú fún wọn. Ni wọ́n bá ń wá àrọ́pò. Ní 1898, ilé-iṣẹ́ Bayer gbé hẹ́róìnì jáde bí oògùn ikọ́. Àwọn oníṣègùn kan tilẹ̀ rò pé kò ní di bárakú bíi mọ́fíìnì. Ẹni tó lé ológbò jáde tó wá fi ẹkùn ṣọ́lé ni wọ́n fi jọ. Nígbà tó di 1924, Amẹ́ríkà fòfin de ṣíṣe hẹ́róìnì.

Kí ló dé tí ẹbí yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Bí ara bá ti mọ́ ọn lára, ṣíbí kan kò tó mọ́, ó di ìgò. Bí kò bá rí i, òógùn a bò ó, egungun a máa ro ó, inú a máa ṣu ú, oorun a sì dá lójú rẹ̀. Nígbà náà, kì í ṣe ìgbádùn ló ń mu ún fún mọ́, kí ara lè rọ̀ ọ́ ni. Bó bá pọ̀ jù, pàápàá bí ó bá dà á pọ̀ mọ́ ọtí, èémí lè dá lójú oorun.

Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodíìnì àti kíkó o wọlé. Ìwádìí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní ilẹ̀ wa ló ń lo oògùn ìrora irú èyí láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Òfin ti ìgò náà mọ́lé, tramadol sì ṣì wà nígboro.

Oògùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ̀n ni ààlà tó wà láàárín oògùn àti májèlé. Ohun tó bá sì ń gba làákàyè ẹni, àwọn onímọ̀ wa kà á mọ́ ọtí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ tó ti kó sínú rẹ̀ jáde. Aláìsàn ni. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ láti mú un lọ sí ilé ìwòsàn bíi ti Àrò ní Abẹ́òkúta. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ làákàyè àwọn ọmọ wa. Àmín.