Nọ́ńbà inú ẹ̀rọ CPAP: bí wọ́n ṣe rí i, àti ìdí tí tẹlòmíì ò fi lè jẹ́ tìẹ

Thread. Ẹni tó bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ń hanrun débi pé yàrá kejì ń gbọ́, kó jókòó ti èyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ẹ ti lè rí ẹ̀rọ náà nínú fíìmù òyìnbó rí: àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, rọ́bà gígùn, ìbòmú tí wọ́n so mọ́ orí. CPAP ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí èèyàn nímú láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Atẹ́gùn lásán o, kì í ṣe ọ́síjìn. Àmọ́ nọ́ńbà kan wà nínú ẹ̀, láàárín 4 sí 20, tó ń sọ bí atẹ́gùn yẹn ṣe máa le tó. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ti ń yá a lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń yá ṣájà fóònù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Lọ́dọ̀ tiwa, híhanrun kì í ṣe àìsàn. Wọ́n á ní oorun ẹ̀ wọra ni, ó ṣiṣẹ́ kára lọ́sàn-án ni. Àmọ́ tó bá ta jí lóru, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ayé ni, àwọn ará ilé ni, ogun òru ni. Ní 2007, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Àìná àti Fámúyìwá, kọ ìwádìí jáde lórí ogun òru yìí, wọ́n wò ó lójú ìmọ̀ ìṣègùn, pẹ̀lú àwọn àìsàn ọpọlọ àti ti oorun tó lè wà nídìí ẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ogun òru ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o. Mò ń sọ pé àwọn kan ti gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀fun tó ń dí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí èèyàn bá sùn, iṣan ọ̀fun á dẹ̀. Lára àwọn kan, ó máa ń dẹ̀ jù. Ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ọ̀nà èémí á pa dé. Àyà á máa fà, atẹ́gùn ò ní wọlé. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ọpọlọ á ta gìrì, ọ̀fun á ṣí, ẹni náà á mí pẹ̀lú ariwo ńlá, á tún sùn lọ. Kò ní rántí láàárọ̀. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé sleep apnea ni. Tó bá ju 30 lọ, ó ti le gan-an. Ẹ ṣírò ẹ̀: 30 ní wákàtí kan, oorun wákàtí 7, ó di 210. Ta ló máa sùn báyẹn tí ò ní tòògbé lọ́jọ́ kejì?

Àwọn òyìnbó náà fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Nínú Pickwick Papers tí Charles Dickens bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1836, ọmọkùnrin kan tó sanra wà níbẹ̀, Joe lorúkọ ẹ̀, ibi tó bá dúró sí ló ti ń sùn. Ó di 1956 kí àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó yá orúkọ ìwé yẹn fún àìsàn tí wọ́n rí lára ọkùnrin kan. Ẹ mọ ohun tó gbé ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ dókítà? Ó ń ta káàdì, káàdì tó máa fi jẹ owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá sùn lọ. Owó lọ. Ìyẹn ló dùn ún.

Ní 1965, Gastaut àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Faransé, àti Jung pẹ̀lú Kuhlo ní Jámánì, so wáyà mọ́ àwọn aláìsàn lójú oorun, wọ́n wá rí i pé èémí gan-an ló ń dúró. Ìwòsàn wo ló wà nígbà yẹn? Wọ́n máa ń lu ihò sí èèyàn lọ́rùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, kó lè máa gba ibẹ̀ mí lóru. Lọ́sàn-án, á fi nǹkan dí i kó lè sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí n má purọ́. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ara yín ní òde ìnáwó pẹ̀lú ihò lọ́rùn.

Ibí ni Colin Sullivan ti wọlé. Dókítà ọmọ Ọsirélíà ni. Ó ti lọ bá Eliot Phillipson ṣiṣẹ́ ní Toronto, níbi tí wọ́n ti ń fi ajá ṣèwádìí èémí lójú oorun, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbòmú tó máa mú imú ajá dáadáa. Nígbà tó padà sí Sydney, ó ro ó lọ́nà tó rọrùn: tí atẹ́gùn bá ń ti ọ̀fun láti inú, báwo ló ṣe máa pa dé? Táyà tí afẹ́fẹ́ kún inú ẹ̀, ṣé ó máa ń rọ̀ mọ́lẹ̀ ni?

Oṣù kẹfà ọdún 1980, aláìsàn kan dé, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ni. Wọ́n ti sọ fún un pé ọrùn ẹ̀ ni wọ́n máa lu. Ó gbà kí Sullivan kọ́kọ́ dán nǹkan tiẹ̀ wò. Ọkùnrin náà sùn, èémí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bó ṣe máa ń ṣe, Sullivan wá ń rọra gbé agbára atẹ́gùn sókè. Nígbà tó dé ibì kan, ọ̀fun ṣí. Ó gbé e wálẹ̀, ọ̀fun dí. Ó gbé e sókè, ọ̀fun ṣí. Bí ẹni tó ń tan iná tó ń pa á. Ọkùnrin náà sùn bíi wákàtí 7 lórí ẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí. Èèyàn ló jókòó ti èèyàn lóru, tó ń fọwọ́ yí i títí tó fi bá ibi tí ọ̀fun onítọ̀hún ti ń ṣí. Nígbà tí Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ sínú Lancet ní oṣù kẹrin 1981, aláìsàn 5 péré ni wọ́n sọ̀rọ̀ nípa wọn, nọ́ńbà wọn sì wà láàárín 4.5 sí 10. Èèyàn márùn-ún péré, ẹnìkan ti fi ju ìlọ́po méjì ẹnìkan lọ.

10 kí ni, ẹ ní? Sẹ̀ǹtímítà omi ni. Ẹ bu omi sínú ìgò tó ga, ẹ ki sìtóró bọ̀ ọ́ títí ẹnu ẹ̀ á fi wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 10, kẹ́ ẹ wá fẹ́ ẹ. Agbára tẹ́ ẹ lò kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú omi, 10 nìyẹn. Àwọn dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ ṣì ń lo ọgbọ́n omi yìí títí dòní. CPAP ọmọ ọwọ́ ti wà ṣáájú ti àgbàlagbà pàápàá, George Gregory àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ tiwọn jáde ní 1971. Nílẹ̀ wa níbí, ní 2013, àwọn dókítà National Hospital ní Abuja kọ bí wọ́n ṣe fọwọ́ ara wọn to irú ẹ̀ pọ̀ fún àwọn ọmọ tuntun tí èémí ń dà láàmú. Ẹnu rọ́bà wà nínú omi. Bí omi ṣe jìn tó ni nọ́ńbà ṣe ga tó. Kò sí búkàtà kọ̀ǹpútà ńbẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí àwọn àgbàlagbà gbé lọ sílé ò ṣeé fẹ́ràn. Mọ́tọ̀ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì ló wà nínú wọn, ẹ lè rò ó bí I-better-pass-my-neighbour tó wà nínú yàrá. Alaalẹ́ ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìbòmú mọ́ojú. Síbẹ̀ àwọn èèyàn lò ó, torí ohun tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ni ihò ọrùn. Respironics bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní 1985. Iléeṣẹ́ tí Peter Farrell dá sílẹ̀ lórí iṣẹ́ Sullivan ní 1989 ló padà di ResMed. Owó wọ ọ̀rọ̀ náà, ariwo dín kù.

Ta ló wá ń yí nọ́ńbà? Dókítà ò lè máa jókòó ti gbogbo èèyàn. Ó di iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yàrá oorun. Wọ́n á so wáyà mọ́ ẹ lórí àti láyà, wàá sùn, ẹnìkan á máa wò ẹ́ láti yàrá kejì. Òfin tí àwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2008 ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 4, kí wọ́n máa fi 1 kún un, ó kéré tán kí ìṣẹ́jú 5 wà láàárín, kó má kọjá 20 fún àgbàlagbà, 15 fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12. Ohun tí wọ́n bá bá láàárọ̀, òun ni wọ́n máa tì pa sínú ẹ̀rọ ẹ.

Àmọ́ òru ọjọ́ kan nìyẹn, nínú yàrá tí kì í ṣe tìẹ. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nílò ju ẹni tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ. Ẹni tó mu ọtí máa nílò jù. Tó o bá sanra sí i, ó lè lọ sókè. Tó o bá fọn, ó lè wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Michael Berthon-Jones, tó wà lára àwọn tó kọ ìwé 1981 yẹn, fi ṣe ẹ̀rọ tó ń yí nọ́ńbà fúnra ẹ̀ bí ọ̀fun bá ṣe ń ṣe sí lóru. 1993 ló kọ ọ́ jáde. Dókítà kàn máa fún un ní ààlà, bíi 6 sí 12, ẹ̀rọ á máa rìn láàárín ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wá sí Ìjẹ̀gùn báyìí. Bọ̀ọ̀dá kan wà ládùúgbò wa tó ń wa dánfó láti Ìkọ̀tun lọ sí Òṣòdì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò gbọ́ oògùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàyẹ̀wò oorun ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ní London wá fi ẹ̀rọ tókùnbọ̀ ránṣẹ́. Ó ti wà lórí 14, nọ́ńbà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Òru àkọ́kọ́, bọ̀ọ̀dá já ìbòmú dànù, ó ní ikùn òun wú bí ìlù. Òótọ́ ló sọ o: tí nọ́ńbà bá ga jù, atẹ́gùn á máa lọ sínú ikùn, ìbòmú á máa jò, ọpọlọ àwọn kan tiẹ̀ lè gbàgbé láti pàṣẹ èémí. Ni ẹnìkan bá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp nípa bọ́tìnnì méjì tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ kí ibi ìkọ̀kọ̀ tí dókítà ń lò tó ṣí. Ó gbé e sí 4. Ara tù ú. Híhanrun padà. Ọjọ́ karùn-ún, ó tòògbé nídìí sítíárì pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé òun nìkan ni. Ní 2013, Ozoh àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nínú Nigerian Medical Journal lórí àwọn awakọ̀ èrò inú ìgboro Èkó: ewu sleep apnea àti oorun ọ̀sán. Àwọn tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan á ní, ṣé aláìsàn ò wá lè yí nǹkan ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni? Ó lè ṣe é, ìtàn wà lórí ẹ̀. Ní 2003, Fitzpatrick àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà jẹ́ kí aláìsàn bíi mélòó kan, tí wọn ò tó 20, máa yí tiwọn nílé, èsì wọn ò sì burú ju ti yàrá oorun lọ. Àmọ́ wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é, dókítà sì ń wò wọ́n. Àwọn aláìsàn kan tún lọ ṣe ohun tí wọ́n fi ń ka káàdì inú ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, SleepyHead ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, látọdún 2019 OSCAR ló rọ́pò ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìyàtọ̀ àárín àwọn yẹn àti fídíò WhatsApp ni pé wọ́n ń rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru kí wọ́n tó yí nǹkan: ìgbà mélòó ni èémí dúró, ìbòmú jò àbí kò jò. Bọ̀ọ̀dá wa kàn ń yí nǹkan nínú òkùnkùn ni. Ẹni tó bá sì ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kó má tiẹ̀ dán an wò láìsí dókítà.

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀, ìbòmú ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọn ò fọwọ́ kan nọ́ńbà. Ìbòmú ti tóbi jù fún un. Wọ́n tan nǹkan tí wọ́n ń pè ní ramp, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, kó tó máa gòkè nígbà tí èèyàn bá ti ń sùn lọ, àti èyí tó ń dín in kù díẹ̀ nígbà téèyàn bá ń mí síta. Wọ́n fún un ní ààlà 6 sí 12. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ka káàdì ẹ̀: 9 ló ń wà jù lọ. 9, ẹni tó ti sùn lórí 14 àti 4.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tókùnbọ̀, ẹ tún fetí sí èyí. Ní oṣù kẹfà 2021, Philips ní kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù irú ẹ̀rọ yìí padà, torí fóòmù inú ẹ̀ ń rún, èèyàn sì lè fa á símú. Ẹ yẹ orúkọ àti nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní báyìí o, wàhálà bọ̀ọ̀dá wa ti kúrò lórí nọ́ńbà. NEPA ló kù. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní aago méjì òru, ẹ̀rọ á dákẹ́, á sì já ìbòmú kúrò lójú. Ó ti ń béèrè iye bátìrì àti ìnfátà ní Aláàbà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó lè gbé e di mọ́jú láìsí ariwo, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀.