Odò Asà àti Òkúta Ìdí-Àpé nínú Ìtàn Ìlọrin

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìlọrin, inú ìwé ni a sábà máa ń rán an lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti kà nípa Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, bí ó ti kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1796, bí ó ti fi Àlímì ṣe ọ̀rẹ́, bí a ti pa á ní nǹkan bí ọdún 1824, tí Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di Ẹ́míà kìíní. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn ìjà ni. Ìtàn mìíràn wà tí ó dàgbà ju èyí lọ. Ẹsẹ̀ ni a fi ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìdí-Àpé. Òkúta kan wà níbẹ̀ nínú agbo ilé kan. Àwọn àgbà ní orí rẹ̀ ni ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó ti máa ń lọ irin rẹ̀, àti pé láti inú “ìlọ irin” ni orúkọ ìlú ti jáde. Àwọn mìíràn ní “ìlú erin” ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹni tí ó bá ti pọ́n àdá rí mọ̀ pé òkúta nìkan kò tó. A ní láti bu omi sí i.

Omi náà kò jìnnà. Odò Asà ṣàn láti gúúsù lọ sí àríwá, ó pín ìlú sí méjì, omi rẹ̀ sì ń bá ti àwọn odò mìíràn lọ sínú Odò Ọya. Òkè Sóbì dúró ní apá àríwá bí olùṣọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ibi ìsádi ni nígbà ogun. Ní àárín odò àti òkè yìí ni onírúurú ènìyàn ti tẹ̀dó: Àfọ̀njá ní Ìdí-Àpé, Ṣọlágbẹrú àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Òkè-Súnà, àwọn Haúsá ní Gàm̀bàrí, àwọn Fúlàní pẹ̀lú. Wọ́n jiyàn lórí ẹni tí ó ni ìlú, iyàn náà kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n odò kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìran rẹ̀ kí ó tó bu omi mu.

Ní ìlú Hangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, adágún kan wà tí koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ bò pa. Ní nǹkan bí ọdún 1090, akéwì Su Shi, tí ó jẹ́ gómìnà ibẹ̀, mú kí a kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ó sì fi ẹrẹ̀ náà ṣe ọ̀nà la adágún já. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀nà náà ń jẹ́ títí di òní. Ní ọdún 2011, àjọ UNESCO ka adágún náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Àwa ńkọ́? Ìdọ̀tí ni a ń dà sínú Asà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ lọ wo òkúta, ẹ gun òkè, ẹ dúró létí odò, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ìwé tí ó ya, a lè tún un tẹ̀. Odò tí ó bá kú, ta ni yóò tún un kọ?