Eré Ṣẹ́ẹ̀sì Kan ní Lọ́ńdọ̀nù, 1912

Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1912, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Edward Lasker jókòó ta ṣẹ́ẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ City of London Chess Club. (Kì í ṣe Emanuel Lasker, ẹni tó jẹ́ ọ̀ta gbogbo ayé nígbà náà.) Ẹnjiníà ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tíì tó nǹkan. George Thomas, ọ̀ta ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n jọ ta. Kò sí owó ńbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ.

Lasker ló mú funfun. Ní ìgbésẹ̀ 11, ó ṣe ohun tí òpè yóò rò pé wèrè ni: ó fi ayaba rẹ̀, tó lágbára jù lórí pátákó, síwájú ọba dúdú pé kó pa á. Ọba náà kò níbi tí yóò sá sí, ó sì pa á. Láti ìgbà náà kò sinmi mọ́. Ẹṣin kan lé e, èkejì tún lé e, àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìgbésẹ̀ méje ni ọba Thomas rìn, títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá nílé àwọn funfun. Ní ìgbésẹ̀ 18, Lasker sún ọba tirẹ̀ kúrò lọ́nà kí ilé-ìṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí ọba dúdú. Ó parí nìyẹn. Bí ó bá ti ọmọ-ogun mìíràn síwájú ní ìgbésẹ̀ 14, eré náà ìbá tètè parí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dùn mí rárá.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ẹ̀yìn eré. Lasker kọ ọ́ sínú ìwé pé Thomas bọ òun lọ́wọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí òun kò gbọ́. Ẹlòmíràn ló túmọ̀ rẹ̀: Thomas ń yin eré náà ni! Ó ya Lasker lẹ́nu, nítorí ní Berlin, ẹni tí wọ́n bá lù yóò ní oríire lásán ni, òun ìbá borí bí òun bá ta tibí dípò tọ̀hún. Irú wọn pọ̀ nídìí ayò ládùúgbò wa.

Ní 1914, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun ko ara wọn. Lasker kọjá sí Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Thomas di ọ̀ta gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1923 àti 1934. Òun náà ni wọ́n fi sọ Thomas Cup ti badminton lórúkọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ṣẹ́ẹ̀sì tó ta láyé rẹ̀, èyí tí wọ́n ti lù ú yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń tò sórí pátákó.