Kókó líḿfù àti àrùn jẹjẹrẹ

Kókó líḿfù ni àwọn kókó kéékèèké bí èso ẹ̀wà tí ó wà káàkiri ara ènìyàn, pàápàá ní ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti so mọ́ ara. Àgbàlagbà máa ń ní tó 600. Iṣẹ́ wọn ni láti sẹ́ omi ara, kí wọ́n sì dá kòkòrò àrùn dúró. Omi yìí kan náà ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń bá rìn. Ìdí nìyí tí ìyípadà nínú kókó fi lè tú àṣírí jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ síbòmíràn.

Irú ìyípadà
Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Èkíní ni jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wọ inú kókó. Èkejì ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ nínú kókó gan-an, tí à ń pè ní líḿfómà. Thomas Hodgkin ṣàpèjúwe irú rẹ̀ kan ní London ní 1832. Carl Sternberg (1898) àti Dorothy Reed (1902) ló ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì ràgàjì tí a fi ń dá a mọ̀, tó jọ ojú òwìwí. Ẹ̀kẹta ni kí kókó wú nítorí pé ara ń jà, láìsí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan nínú rẹ̀. Irú èyí lè wáyé nítòsí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń fà á. Wíwú bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí pé jẹjẹrẹ wà.

Ibi tí kókó wà
Ní 1848, Rudolf Virchow ará Jámánì so kókó tó wú lókè èjìká òsì, nítòsí ọrùn, mọ́ jẹjẹrẹ inú ikùn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà omi ara láti ikùn ti ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kókó abíyá ní tirẹ̀ lè tọ́ka sí jẹjẹrẹ ọmú. Lórí ìlànà pé omi apá ara kọ̀ọ̀kan ní kókó tó ń ṣàn lọ ni dókítà Donald Morton fi ta aró sí ara ní 1992, láti wá kókó tí jẹjẹrẹ awọ ara máa kọ́kọ́ dé.

Àyẹ̀wò
Ọ̀fun dídùn tàbí eyín jíjẹrà ló sábà ń mú kókó wú. Èyí tó le bí òkúta, tí kì í dunni, tí kò ṣeé sún, tó sì ń tóbi sí i, ni kí a tètè fi han dókítà. Ọwọ́ kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀: abẹ́rẹ́ ni a fi ń fa díẹ̀ jáde, tàbí kí a yọ kókó náà lódindi, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù.